Orí Kẹfà: Etí Awọ Màmá Fadérera

"Etí mọ́," ni Olùwò wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìbídùn. Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín mọ́ ọn kí ilẹ̀kùn lè ṣí."

Ìbídùn kò gbójú kúrò lórí máíkírósíkóòpù. Ohùn àgbàlagbà tó mọ ènìyàn kí ni wọ́n fún ẹ̀rọ Olùwò, irú ohùn tó máa ń mú kí ọmọlúàbí ti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe kó tó rántí bèèrè ìdí rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti ń bá ohùn yìí ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí kò wù ú kó ní kó panu mọ́. Ó yí ọwọ́ awò náà díẹ̀ sọ́tùn-ún. Gíláàsì pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sún, awọ tí wọ́n gé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá Fadérera sì tún rọra kọjá lójú rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi yìnyín mú awọ náà le, tó bẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, tó sì rẹ ẹ́ láró. Kí Dókítà Adégòróyè tó gbé e fún un ló ti fi tàdáwà dúdú kun etí rẹ̀ yípo, nítorí pé ibi tí dúdú yẹn bá wà ni ọ̀bẹ gbà kọjá. Bí jẹjẹrẹ bá kan dúdú, ó ṣẹ́ kù sí ara aláìsàn. Bí àyè tó mọ́ bá wà láàárín wọn, kí aláìsàn máa relé. Gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ, bí a bá fẹ́ fẹnu sọ ọ́, àmọ́ ojú Ìbídùn ti ń ṣomi láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Ohun tó ń wò kò mọ́. Ní ìhà ẹ̀bátí, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kóra jọ, wọn kò ju ogún lọ, wọ́n fún mọ́ra wọn, wọ́n sì fara ti tàdáwà. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti ṣì í mọ̀ rí, lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé nínú iṣẹ́, nítorí náà ó tún un wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Lára ògiri, Olùwò ti ya àwòrán ohun tí òun náà rí. Ó fi àwọ̀ ewé fa etí awọ náà yí ká, ó ń bá tàdáwà lọ dáadáa, àfi ìgbà tó dé ìhà ẹ̀bátí tó ṣẹ́rí wọnú, tó lọ tẹ̀lé dúdú mìíràn, tó sì fi ibi tó fẹ̀ tó ìbú ìrẹsì méjì sílẹ̀ sẹ́yìn. Lójú Olùwò, ibẹ̀ kì í ṣe ara awọ mọ́. Ibẹ̀ gan-an sì ni jẹjẹrẹ náà jókòó sí.

"Ìbídùn, kí lò ń wá tó bẹ́ẹ̀?" ni Dókítà Adégòróyè bèèrè. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó dín díẹ̀ ni, òun ló mú ọ̀bẹ, ó sì ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ti parí iṣẹ́.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ilẹ̀kùn ò tíì ní ṣí ni?" ni Màmá Fadérera wí látorí àga. Wọ́n ti fi báńdéèjì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń wọ́ nítorí abẹ́rẹ́ tó mú kí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kú tipiri. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Alálẹ̀mọ́ Òrùlé ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń gun orí Òrùlé ńlá tó bo ìlú láti Mọ́kọ́lá dé Agodi, tí wọ́n ń lẹ ibi tó bá ya kí òòrùn má baà wọlé tọ àwọn ará ìsàlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ tọ̀."

"Ẹ ní sùúrù, Màmá. Ẹnu wa ni kò tíì kò."

Kò sí ẹni tó ń gbé abẹ́ Òrùlé tí kò mọ ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn. Láyé àtijọ́, kí Òfin Ẹnu Kan tó dé, ẹ̀rọ á ní ó mọ́, akawọ tó jókòó sídìí awò á ní kò mọ́, aláìsàn á sì tẹ̀lé ẹnu tó bá dùn mọ́ ọn nínú lọ sílé, ilé náà ni yóò sì kú sí. Òfin wá ní kí wọ́n ti gbogbo wọn mọ́ yàrá, ẹ̀rọ, akawọ, oníṣẹ́ ọ̀bẹ àti aláìsàn, títí ẹ̀rọ àti akawọ yóò fi sọ ohun kan náà. Ó dára lórí ìwé. Nínú yàrá, Olùwò kì í yí ohùn padà, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í tọ̀, nítorí náà gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó máa ń yí ohùn padà.

Ìbídùn yí awò náà sí èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá jù lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tó tan ẹ̀rọ náà jẹ. Orí etí awọ ni tàdáwà máa ń dúró sí, kì í wọnú. Dúdú kejì yìí wà nínú ẹran gan-an, hóró-hóró, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé awọ ti gbà á bí ọmọ ilé. Ó dìde, ó lọ bá Màmá nídìí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé nǹkan dúdú kan wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín rí? Bí ẹ̀ẹ́dú, àbí èéfín?"

Màmá Fadérera wo ògiri tí Olùwò wà. "Ṣé nǹkan yìí ń gbọ́ wa?"

"Ó ń gbọ́," ni Dókítà wí. "Àmọ́ mọ́ àti kò mọ́ nìkan ló ń kọ sílẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Pélé ni. Ìyá tó bí bàbá mi ló ní kí wọ́n kọ ọ́ fún mi. Nígbà yẹn, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ní kẹ́nikẹ́ni má kọlà mọ́, torí àwọn ẹ̀rọ ẹnubodè kì í dá olójú kíkọ mọ̀. Màmá yẹn ní ẹ̀rọ ò lè sọ fún òun bí ọmọ ọmọ òun ṣe máa jọ òun. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Olóolà fi ẹ̀ẹ́dú lílọ̀ ra á dáadáa kó lè dúdú. Nígbà tí mo fẹ́ wọṣẹ́ Òrùlé, mo ní kí wọ́n bá mi họ ọ́ kúrò."

"Òkè nìkan ni wọ́n họ, mà."

"Ṣé ohun tó fa àìsàn náà nìyẹn?"

"Rárá o, mà. Òòrùn ló fa àìsàn. Ẹ̀ẹ́dú yẹn ò ṣe yín ní nǹkan kan."

Òótọ́ ló sọ, ẹ̀ẹ́dú náà kò ṣe Màmá ní nǹkan kan. Olùwò ló fẹ́ ṣe é. Àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò fi awọ olójú kíkọ kankan hàn án, torí pé àwọn tó ṣẹ́ kù kò pọ̀, wọ́n sì ń fara pamọ́. Dúdú kan ṣoṣo ló mọ̀, tàdáwà oníṣẹ́ ọ̀bẹ, ibi tó bá sì ti rí dúdú ló ń kà sí òpin. Ó dé ibi tí ìyá àgbà kan ti fi pélé sójú ọmọ ọmọ rẹ̀, ó gbà pé ayé parí síbẹ̀, ó sì ṣẹ́rí padà.

Dókítà Adégòróyè wá fi ojú sí awò. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Mo rí i," ó wí. Ó ti rẹ ohùn sílẹ̀ kí Màmá má baà gbọ́.

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ojú mi kì í ṣe ojú òfin, ìwọ náà mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ẹ́dú ló dà á rú."

"Ká kọ ọ́ síbo? Ibi méjì péré ló wà níbẹ̀ tí ìka lè tẹ̀." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Àbùkù mélòó ló wà lórí káàdì rẹ?"

"Méjì."

Dókítà ti mọ̀ kó tó bèèrè. Bí akawọ bá ta ko Olùwò, òfin ní kí oníṣẹ́ ọ̀bẹ gé awọ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó kọ́kọ́ gé, kí wọ́n sì ka etí ìyẹn náà. Bí etí kejì kò bá mọ́, akawọ jàre. Bó bá mọ́, akawọ ti fi ọ̀bẹ ṣòfò lára ẹni ẹlẹ́ni, àbùkù kan nìyẹn lórí káàdì rẹ̀. Àbùkù àkọ́kọ́ Ìbídùn tọ́ sí i, gbòǹgbò irun ló pè ní jẹjẹrẹ. Èkejì kò tọ́ sí i rárá. Jẹjẹrẹ ló rí lára imú bàbá kan, jẹjẹrẹ sì ni lóòótọ́, àmọ́ wọ́n gé awọ kejì fífẹ̀, gbogbo rẹ̀ bá ọ̀bẹ lọ, etí kejì sì mọ́ tónítóní. Bàbá náà ń jẹun, ó ń sùn, ara rẹ̀ dá ṣáká títí dòní. Ìbídùn ló jẹ̀bi, ó sì bínú nítorí rẹ̀ títí ìbínú fi sú u.

Àbùkù kẹta, káàdì á kú. Bí káàdì bá kú, ilẹ̀kùn ilé tó ń gbé kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, ilé-ìwé á yọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kúrò, àwọn méjèèjì á sì jáde kúrò lábẹ́ Òrùlé lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe pé kò sí ènìyàn níta. Àwọn kan ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń sùn nínú ihò lọ́sàn-án, wọ́n sì ń jáde bí ilẹ̀ bá tutù. Ṣùgbọ́n Ẹfúnbùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbídùn bí, ọmọ ọdún méje, àfín ni. Abẹ́ Òrùlé pàápàá, aṣọ alápá gígùn ló ń wọ̀ níbẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bá sì pẹ́ lára rẹ̀, èjìká rẹ̀ á bó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó wá síbi iṣẹ́, Ìbídùn ti fi ìpara pa á láti ọrùn dé ọmọ ìka.

"Fọwọ́ sí i pé ó mọ́," ni Dókítà wí. "Ogún sẹ́ẹ̀lì. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀."

"Ó sì lè má tó ọdún kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gé e fún màmá yìí rí, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ti padà."

Dókítà wo Màmá lórí àga, ó wo Olùwò, ó tún rẹ ohùn sílẹ̀ sí i. "Bó o bá ní kò mọ́, mo máa gé e. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn rẹ̀ lè gbà lónìí, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lè gé. Mo lè gé e fẹ́lẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé Ìbídùn.

"Fẹ́lẹ́ bí irun," ni Dókítà wí. "Etí kejì ò ní mọ́. Kò sì sí ẹ̀ẹ́dú níbẹ̀ tó máa da Olùwò rú, òun náà á rí jẹjẹrẹ. Ẹnu yín á kò pé kò mọ́, ilẹ̀kùn á ṣí, ìwọ lo jàre. Wọ́n á dá ọjọ́ mìíràn fún màmá."

"Ọjọ́ wo?"

"Àwọn tó ń dúró pọ̀. Oṣù mẹ́jọ."

"Kí oṣù mẹ́jọ tó pé, á ti dé ojú rẹ̀."

"Ó lè dé ibẹ̀. Ó lè má dé ibẹ̀." Ó fa ìwé tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí síwájú rẹ̀, ó sì gbé pẹ́ńsù pupa lé e. "Ìwọ lo máa ya ibi tí mo máa gé. Bó o bá ṣe yà á ni mo máa gé e. Mi ò ní bi ọ́ léèrè."

Inú bí Ìbídùn sí i. Ó mọ̀ pé àánú òun ló ń ṣe é, ó sì mọ̀ pé ó ti sọ ẹrù náà kúrò lórí ara rẹ̀, ó ti gbé e ka òun lórí. Kí òun tó lè jàre, jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ kù lójú ìyá yìí tí kò ṣẹ òun. Kí jẹjẹrẹ tó lè tán, òun gbọ́dọ̀ jẹ̀bi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó wà níbi tó ti ní láti máa gbàdúrà kí aláìsàn má tíì sàn.

Ó wo ilẹ̀kùn. Irin ni, kò ní ọwọ́ tí ènìyàn lè dì mú, kò sì ní ihò kọ́kọ́rọ́. Ògiri mẹ́rin, àga kan, awò kan, ẹ̀rọ kan tó ń kí wọn kú iṣẹ́. Ká ní ilẹ̀kùn náà lè ṣí, ì bá sá jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibi tí ó fẹ́ sá lọ tí káàdì náà kò ní tẹ̀lé e dé.

Ó lọ tẹ "kò mọ́" lára ògiri.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìbídùn," ni Olùwò wí. "Ẹnu wa kò tíì kò. Ṣé ẹ fẹ́ tún un wò?"

Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ náà tún bi í, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń ro ire rò ó. Lẹ́ẹ̀kẹta ló tó gbà, tó sì ní kí oníṣẹ́ ọ̀bẹ máa múra awọ kejì. Ìbídùn lọ jókòó ti Màmá nígbà tí Dókítà ń fún un ní abẹ́rẹ́ tó kù.

"Wọ́n máa tún gé díẹ̀, mà."

"Mo ti mọ̀. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ jù."

"Ojú òsì yín ńkọ́, mà? Ṣé ó ń ríran?"

"Òsì ti lọ láti ọdún mẹ́ta. Orí Òrùlé lòòrùn ti jẹ ẹ́." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. "Ọ̀tún yìí ni mo fi ń rí ibi tó bá ya. Èmi ni mo lẹ ti Mọ́kọ́lá lóṣù tó kọjá. Bẹ́ ẹ bá dúró sábẹ́ ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ya rí. Ẹ gé ohun tẹ́ ẹ bá máa gé, ọmọ mi. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga yìí lónìí, mi ò fẹ́ padà sórí ẹ̀ mọ́."

Ojú kan ṣoṣo. Ìbídùn fẹ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀, pé mo ní ọmọ kan nílé. Kí wá ni màmá yìí máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe? Bó bá ní kí wọ́n gé e fẹ́lẹ́, a jẹ́ pé òun ti fi ọmọ òun tọrọ ojú olójú. Bó bá ní kí wọ́n gé e fífẹ̀, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ti sọ ọmọ òun síta. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì padà sídìí ìwé.

Ó kọ́kọ́ yà á fẹ́lẹ́. Ẹ má jẹ́ ká parọ́ fún ara wa, ó yà á fẹ́lẹ́, ó wò ó, ó sì fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rò ó pé oṣù mẹ́jọ kì í ṣe àìlópin. Ó rò ó pé òun náà lè bá màmá yìí bẹ àwọn tó ń pín ọjọ́, kí wọ́n sọ ọ́ di oṣù mẹ́ta. Gbogbo ohun tó ń rò ló bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ibi tí pẹ́ńsù náà dúró sí lórí ìwé ni òun mọ̀ dájú pé jẹjẹrẹ máa kù sí, òun ló fi ọwọ́ ara òun yà á síbẹ̀, fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ni òun yóò máa rí nínú gbogbo gíláàsì tí òun bá gbé sábẹ́ awò títí òun yóò fi fẹ̀yìn tì.

Ó fi rọ́bà pa á rẹ́. Ó tún un yà, ìbú ìrẹsì mẹ́rin, láti abẹ́ ojú dé ẹ̀bátí, ó sì gbé e fún Dókítà kíákíá kí ọwọ́ rẹ̀ tó yí padà.

Dókítà wo ìwé náà. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ ní ẹ ò ní bi mí."

Ó gé e bó ṣe yà á. Ó kun etí rẹ̀ ní dúdú, Ìbídùn sì gbà á, ó fi yìnyín mú un le, ó bẹ́ ẹ, ó rẹ ẹ́ láró, ó dúró kó gbẹ. Iṣẹ́ náà gba ogójì ìṣẹ́jú. Màmá bèèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá wọ́n lè fún un ní ike kan kó tọ̀ sí, Dókítà sì wá ọ̀kan fún un, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó dúró kọjú sí ògiri bí ọmọ ilé-ìwé tó ṣẹ̀. Ìbídùn ì bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ mìíràn.

Ó gbé gíláàsì sábẹ́ awò, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìhà imú. Ó ń wá jẹjẹrẹ. Ó gbọ́dọ̀ wá a, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe máa ń wá a tẹ́lẹ̀ ló ṣe ń wá a. Ó ń fẹ́ kó wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ojú, ó rí ohun kan tó ṣókùnkùn, tó sì fún mọ́ra, àyà rẹ̀ sì fò sókè fún ayọ̀. Ó yí awò. Gbòǹgbò irun ni. Ojú tì í débi pé ó di ojú méjèèjì fún ìgbà díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó kà á dé ẹ̀bátí. Ó kà á padà. Kò sí ẹ̀ẹ́dú, kò sí jẹjẹrẹ, awọ lásán ni, awọ ìyá arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ lóòrùn. Ó mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Etí mọ́," ni Olùwò wí.

Dókítà Adégòróyè ti wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò béèrè ohun tó rí, ó rí i láti ara èjìká rẹ̀. "O ṣì lè ní kò mọ́," ó wí.

"Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀?"

Ó ronú sí i. "Kò sí abẹ́rẹ́ mọ́. A máa wà níbí ni."

Wọn yóò wà níbẹ̀. Màmá pẹ̀lú ojú egbò tó ṣí sílẹ̀, abẹ́rẹ́ á máa tán lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn mẹ́ta á máa wo ara wọn nínú yàrá tí kò ní ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ọ̀hún á sì máa kí wọn. Ìbídùn rí i pé òun lè ṣe é. Ó lè dúró síbẹ̀ dọ̀la, kó máa tẹ "kò mọ́" títí ìka rẹ̀ yóò fi bó, bí ọjọ́ náà kò bá ṣáà ti parí, ọmọ rẹ̀ ṣì ní ilé. Ìbẹ̀rù náà pọ̀ lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jọ ọgbọ́n.

Lẹ́yìn náà Màmá Fadérera wúkọ́, ó sì fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ mú nítorí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún.

Ìbídùn tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ "ó mọ́."

"Ẹnu wa ti kò," ni Olùwò wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìbídùn. Ó dìgbà o."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù wà lórí káàdì tó wà láyà rẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́, pé àbùkù rẹ̀ ti pé mẹ́ta, àti pé òun pẹ̀lú ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ tirẹ̀ ní títí di aago márùn-ún ọjọ́ náà láti kúrò lábẹ́ Òrùlé. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí i dojú délẹ̀. Dókítà rán egbò náà, ó fi báńdéèjì tuntun sí i, lẹ́yìn náà ó lọ síbi omi, ó ń fọ ọwọ́ tó ti mọ́.

Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Màmá Fadérera sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ Ìbídùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ ṣé o, ọmọ mi. Ẹ ti ṣe é fún mi. Bí ẹ bá lọ́mọ, Ọlọ́run á bá yín wò ó. Òòrùn ò ní pa á."

"Àṣẹ, mà." Ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkè. Aago mélòó ni òòrùn máa ń rọlẹ̀ níta?"

"Kò ní rọlẹ̀ kó tó di aago méje. Kí aago méje tó lù, ìgbóná ẹ̀ ṣì lè bó èèyàn." Màmá fi ojú kan ṣoṣo náà wò ó dáadáa. "Kí ló dé? Ta ló ń lọ síta?"

"Èmi àti ọmọ mi ni, mà," ni Ìbídùn wí, ó sì bá a tẹ etí báńdéèjì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà ṣí.